Fáàfù àti Àwọn Ẹmẹ̀wà Rẹ̀

Nínú irú ẹ́ńjìnnì alùpùpù tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé, ẹ̀ẹ̀kan ni fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí nígbà tí kránkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì. Bí kránkì bá ń yí ní ìgbà 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, fáàfù yóò ṣí, yóò sì dé, ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan náà, ìyẹn ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fáàfù kì í sì í dá ṣí. Kámṣáàfù tó ní gegele lára ló ń ti ẹsẹ̀ kékeré kan tó jókòó lé e. Ẹsẹ̀ náà ń ti ọ̀pá gbọọrọ kan, púṣírọ́ọ̀dù. Púṣírọ́ọ̀dù ń gbé ìdí rọ́kà sókè. Orí rọ́kà sì ń tẹ fáàfù wọlẹ̀. Sípíríńgì ló ń dá gbogbo wọn padà sáyè wọn. Níbikíbi tí ọ̀kan bá ti fara kan èkejì, ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan ló ń là wọ́n. Kò sí bí wọn kò ṣe ní jẹ. Ohun tí ẹni tó bá tú wọn sílẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni bí wọ́n ṣe jẹ tó, ohun tó jẹ wọ́n, àti èyí tó ṣì lè padà sínú ẹ́ńjìnnì. Ìbéèrè ààrin yẹn ni wọ́n sábà máa ń fò.

Ní Tamale, olú-ìlú Agbègbè Àríwá ní Gáńà, ọ̀rọ̀ fáàfù kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni, nítorí alùpùpù ni ìlú náà ń gùn. Tọkùnrin tobìnrin ló ń gbé e lọ sọ́jà, síbi iṣẹ́ àti sí mọ́ṣáláṣí. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ní àpótí ẹrù lẹ́yìn, èyí tí wọ́n mọ̀ sí Motorking, ló ń ru iṣu, omi, bulọ́ọ̀kù àti èèyàn. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ìgbòho, Ìgbẹ́tì, Ṣakí àti Ògbómọ̀ṣọ́ ló mọ orúkọ Tamale láti ẹnu àwọn àgbà wọn tó ṣòwò níbẹ̀, kí òfin tí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gáńà nígbà náà, gbé jáde ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 tó fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni àwọn àgbà yẹn fi sílẹ̀ lójú títì. Ẹni tó bá padà débẹ̀ lónìí, ariwo ẹ́ńjìnnì kéékèèké ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí, ilé kan náà ni wọ́n ti wá. Honda gbé alùpùpù CG125 jáde ní 1976, ó sì ro ti orílẹ̀-èdè tí ọ̀nà kò ti dára tí àwọn èèyàn kì í sì í tètè pààrọ̀ ọ́ìlì mọ́ ọn kí ó tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà. Dípò kí ó gbé kámṣáàfù lọ sókè nínú tọ́pù sílíńdà pẹ̀lú ṣéènì, ìsàlẹ̀ ló fi í sí, nítòsí kránkì, ó wá fi púṣírọ́ọ̀dù méjì rán iṣẹ́ lọ sókè. Gegele kan ṣoṣo ló ń ti ẹsẹ̀ méjèèjì. Àwọn ilé-iṣẹ́ Ṣáínà wo ẹ̀dà rẹ̀ títí ó fi di ti gbogbo ayé, irú rẹ̀ ló sì wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ alùpùpù àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní àríwá Gáńà. Ẹ́ńjìnnì tó ní àmúmọ́ra ni. Àmúmọ́ra yìí náà ló ń jẹ́ kí wọ́n máa fìyà jẹ ẹ́.

Ohun tó ń fìyà jẹ ẹ́ jù ní Tamale ni eruku. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta ni ọyẹ́ ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀, tí ó ń kó eruku láti ibi jíjìn bíi àfonífojì Bodélé ní Chad. Eruku ilẹ̀ pupa ojú ọ̀nà tí wọn kò da ọ̀dà sí tún ń kún un. Iyanrìn wẹ́wẹ́ wà nínú eruku yẹn, iyanrìn sì le ju irin tí wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú ẹ́ńjìnnì lọ. Bí ẹ́yà fílítà, asẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, bá ti ya, tàbí tí ẹni tó ni alùpùpù bá ti yọ ọ́ dànù nítorí ó ní kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá fáàfù ìwọlé ni iyanrìn náà ń gbà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ pístìnì. Èyí tó bá bọ́ sínú ọ́ìlì, kò sí fílítà oníwèé tí yóò dá a dúró nínú irú ẹ́ńjìnnì yìí: àwọ̀n kékeré kan àti abọ́ kan tó ń fi yíyí sẹ́ ìdọ̀tí nìkan ló wà. Gbogbo ọ́ìlì inú rẹ̀ kò sì ju bíi líítà kan lọ.

Àyẹ̀wò máa ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó tú nǹkan kan. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti sùn mọ́jú kí ó tutù dáadáa. Wọn a yọ ìdérí, wọn a yí kránkì títí pístìnì yóò fi dé òkè ní àkókò tí fáàfù méjèèjì wà ní dídé, wọn a wá ki fíìlà géèjì, irin pẹlẹbẹ tí a kọ ìwọ̀n sí lára, bọ àárín rọ́kà àti ìdí fáàfù. Fún CG125, ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí jẹ́ 0.08 mìlímítà fún méjèèjì, ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ìnípọn irun orí kan. Ọ̀pọ̀ fítà, bí wọ́n ti ń pe mẹkáníìkì ní Gáńà, kì í lo géèjì rárá: ìka ni wọ́n fi ń mi rọ́kà wò. Ìka tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ lè mọ̀ pé àlàfo wà. Ṣùgbọ́n kò sí ìka tó lè sọ ìyàtọ̀ láàárín 0.08 àti 0.05, bẹ́ẹ̀ àlàfo tó há jù ló ń mú kí fáàfù jó.

Àwọn èèyàn máa ń gbé alùpùpù wá nítorí pé ó ń pariwo, tá-tá-tá lókè. Ariwo yẹn kì í sábà léwu. Àlàfo tó fẹ̀ ló fà á. Ẹ́ńjìnnì yóò pàdánù agbára díẹ̀, ìdí fáàfù yóò máa jẹ ìyà, ṣùgbọ́n fáàfù ń dé. Èyí tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rù. Nígbà tí ìjókòó fáàfù bá ń jẹ, fáàfù ń rì sókè sínú tọ́pù sílíńdà, ọ̀pá rẹ̀ ń sún mọ́ rọ́kà, àlàfo ń dín kù, ariwo sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń gùn ún á rò pé ẹ́ńjìnnì òun ti mọ́wọ́. Ní ọjọ́ tí àlàfo bá tán pátápátá, fáàfù kò ní lè dé mọ́. Nítorí náà, nọ́ńbà tí géèjì bá fi hàn kí wọ́n tó tú u ṣe pàtàkì ju ohun tí etí gbọ́ lọ, ó sì yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ síbìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ ara ìdérí náà ni.

Lábẹ́ ìdérí, ọ́ìlì ni ojú kọ́kọ́ ń wò. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, tí irin sì ti pọ́n bí ẹni pé wọ́n yan án, ọ́ìlì kò gòkè dé ibẹ̀ bó ṣe yẹ. Bí ọ́ìlì bá ki, tó dúdú, tí ìka méjì sì ń mọ iyanrìn nínú rẹ̀, kò sídìí láti máa wá ẹni tó jẹ irin kiri. Ó ti jẹ́wọ́. Orí rọ́kà tó ń tẹ fáàfù gbọ́dọ̀ máa dán. Bí ó bá ti gbẹ́ kòtò, tàbí tí ihò wẹ́wẹ́ ti bo ojú rẹ̀, líle òkè rẹ̀ ti tán, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè yọ́ ọ tí yóò fi padà di tuntun. Ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí ojú tó bá ń kánjú kì í rí: bóyá àpá náà wà láàárín tàbí ó ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àpá tó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ń fi hàn pé ìka irin tí rọ́kà ń gun ti jẹ, tàbí pé gáìdì tó di ọ̀pá fáàfù mú ti fẹ̀. Wọ́n lè ra rọ́kà tuntun kí wọ́n sì dá a padà sórí ìka tó ti jẹ yẹn. Yóò yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bákan náà.

Púṣírọ́ọ̀dù kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọn a yí i lórí gíláàsì pẹlẹbẹ. Èyí tó bá ń fò ti wọ́, kí wọ́n má sì ṣe fi òòlù nà án tọ́. Wọn a wo orí rẹ̀ méjèèjì bóyá wọ́n ti pẹlẹbẹ.

Kí wọ́n tó gbé tọ́pù sílíńdà kúrò ni ó ti yẹ kí páálí kan ti wà nílẹ̀. Páálí bisikíìtì lásán ti tó: wọn a lu ihò sí i, wọn a kọ W fún ìwọlé àti J fún ìjáde sí ẹ̀gbẹ́ ihò, wọn a sì máa ki fáàfù, púṣírọ́ọ̀dù àti rọ́kà kọ̀ọ̀kan bọ ihò tirẹ̀. Irin méjì tó ti jùmọ̀ jẹ fún ọdún méjì ti mọ ara wọn lójú. Bí wọ́n bá pààrọ̀ wọn lódìkejì, wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, kíákíá sì ni. Èyí tí wọ́n sábà máa ń rí dípò páálí ni abọ́ oníke kan tí gbogbo rẹ̀ jọ wà nínú pẹtiróòlù kan náà, tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀. Wọ́n mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni èwo mọ́.

Fáàfù fúnra rẹ̀ ló ní ìtàn jù. Fáàfù ìwọlé ń gba afẹ́fẹ́ tútù àti epo kọjá, nítorí náà kì í sábà gbóná púpọ̀. Ti ìjáde ló ń wà nínú iná. Orí rẹ̀ lè gbóná kọjá 700 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ibi tó sì ń gbà gbé ooru yẹn kúrò ni ojú rẹ̀ tó ń jókòó mọ́ ìjókòó, ní ìwọ̀nba àkókò tó fi wà ní dídé. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ooru orí fáàfù ló ń gba ibẹ̀ jáde. Ìyókù ń gba ọ̀pá àti gáìdì. Bí fáàfù kò bá dé dáadáa, ì báà jẹ́ àlàfo tó há ló fà á, ì báà jẹ́ èédú tó há sábẹ́ rẹ̀, ooru kò rọ́nà jáde mọ́, iná yóò máa fẹ́ gba ojú ibi tó ṣí yẹn. Yóò bẹ̀rẹ̀ bí ilà dúdú tín-ín-rín kan lójú fáàfù tó yẹ kí ó ní àwọ̀ eérú kan náà yíká. Lẹ́yìn náà yóò di kòtò. Nígbẹ̀yìn, apá kan etí rẹ̀ yóò yọ́ dànù. Fáàfù tó ní ilà nìkan ṣì ṣeé lọ̀ mọ́ ìjókòó rẹ̀. Èyí tó ní kòtò tó jìn kò ṣeé lọ̀.

Àwọ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Èédú tútù, tó kún fún ọ́ìlì, lọ́rùn fáàfù ìwọlé túmọ̀ sí pé rọ́bà tó wà lọ́rùn gáìdì ti gbó tàbí pé gáìdì ti fẹ̀. Alùpùpù bẹ́ẹ̀ máa ń tu èéfín àwọ̀ aró lójú sàléńsà nígbà tí wọ́n bá tún fún un níná lẹ́yìn tí ó ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Fáàfù ìjáde tó funfun, tó gbẹ, ń tọ́ka sí kábúrétọ̀ tí kò fún ẹ́ńjìnnì ní epo tó tàbí sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò wọlé. Kò sí iye fáàfù tí wọ́n lè pààrọ̀ tí yóò wo kábúrétọ̀ sàn.

Lẹ́yìn ojú, ọ̀pá. Ọ̀pá fáàfù nínú irú ẹ́ńjìnnì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 5.5 ní fífẹ̀, máíkírómítà ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n ní ibi mẹ́ta: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ibi tí gáìdì kò dé kì í jẹ, nítorí náà wọ́n lè fi ibẹ̀ wé ibi tó jẹ láìní ìwé kankan lọ́wọ́. Èékánná ìka náà wúlò níbí: bí wọ́n bá fi fa ọ̀pá láti òkè wá sísàlẹ̀ tí èékánná sì kọ́ sí àtẹ̀gùn kan, ìyẹn ti jẹ kọjá ààlà. Orí fáàfù ní etí tóóró kan láàárín ojú rẹ̀ àti pẹpẹ rẹ̀. Bí etí náà bá ti tín-ín-rín tó mú bí ọ̀bẹ, ooru yóò jó o kíá. Àwọn ìwé iṣẹ́ sábà máa ń fi ìpẹ̀kun rẹ̀ sí nǹkan bí 0.8 mìlímítà. Ìdí fáàfù tí rọ́kà ń lù lè fẹ̀ bí olú. Bí ó bá ti fẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n yọ́ eyín rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó fà á gba inú gáìdì jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò ha gáìdì náà, wọn yóò sì wá máa rò pé eruku ló hà á.

Gáìdì ni eruku Tamale kọ́kọ́ ń jẹ. Wọn a gbé fáàfù tó mọ́ sínú rẹ̀, wọn a fà á jáde díẹ̀ bí ẹni pé ó ṣí, wọn a sì mì í sọ́tùn-ún sósì. Jìgìjìgì tó bá hàn sójú ti pọ̀ jù. Gáìdì kì í jẹ dọ́gba. Ẹnu rẹ̀ méjèèjì ló ń fẹ̀ ju àárín lọ, nítorí náà ìwọ̀n tí wọ́n bá mú láàárín nìkan yóò tan wọ́n jẹ. Fáàfù tuntun nínú gáìdì tó ti fẹ̀ kò lè jókòó sójú kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ lílọ̀ tí wọ́n ṣe fún odidi wákàtí kan yóò bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ìjókòó fáàfù, tí wọ́n gé ní igun 45, yẹ kí ó fi àmì òrùka tóóró kan sílẹ̀ lójú fáàfù, nǹkan bíi mìlímítà kan sí kan àbọ̀. Òrùka tó fẹ̀ jù ń kó èédú mọ́ra. Èyí tó tín-ín-rín jù kì í lè gbé ooru jáde. Láyé àtijọ́, òjé tí wọ́n ń pò mọ́ pẹtiróòlù máa ń ta sórí ìjókòó yìí bí ìbora, irin tó rọ̀ sì lè pẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé Dakar ní oṣù Kẹfà 2001, àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù Sàhárà pinnu láti yọ òjé kúrò, ó sì ti kúrò nínú pẹtiróòlù wọn nígbà tí 2006 fi wọlé. Ìlera àwọn ọmọdé jèrè rẹ̀ gidigidi. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí ìjókòó rẹ̀ kò le ló san owó rẹ̀. Ohun tó jọ ọ́ ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn takisí Gáńà tí wọ́n yí padà sí gáàsì ìdáná: gáàsì gbẹ ju pẹtiróòlù lọ, ìjókòó tí wọn kò ṣe fún un sì ń tètè rì. Awakọ̀ tó ń lo gáàsì gbọ́dọ̀ máa wọn àlàfo fáàfù ju awakọ̀ tó ń lo pẹtiróòlù lọ, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tún àlàfo rẹ̀ ṣe.

Bí wọ́n bá ti fi gíráńdì-pésìtì lọ̀ fáàfù mọ́ ìjókòó, tí wọ́n sì ti fọ pésìtì náà kúrò pátápátá (èyí tó bá kù yóò jẹ ohun gbogbo tó bá kàn), wọn a to fáàfù àti sípíríńgì padà, wọn a dojú tọ́pù sílíńdà kọ ẹ̀gbẹ́, wọn a da pẹtiróòlù sínú ihò ìwọlé àti ihò ìjáde, wọn a sì máa wo etí fáàfù láti inú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó. Ibi tó bá ń sun kò tíì dé.

Sípíríńgì ń rẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Wọn a wọn gígùn rẹ̀ pẹ̀lú fáníà, wọn a fi wé tuntun tàbí nọ́ńbà inú ìwé, wọn a gbé e dúró lórí gíláàsì wò bóyá ó tẹ̀. Èyí tó ti kúrú kò ní lè dá fáàfù padà kíákíá nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré, pístìnì sì lè bá a lójú ọ̀nà. Lọ́ọ̀kì fáàfù, irin kékeré méjì tó di sípíríńgì mú, ni kí wọ́n pààrọ̀ bí wọ́n bá ti rí ilà jíjẹ kankan nínú rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí ó bá já, fáàfù yóò jábọ́ sórí pístìnì.

Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni kámṣáàfù. Ara gegele rẹ̀ ní awọ líle kan tí kò nípọn. Bí awọ yìí bá ti bó níbì kan, irin rírọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní pẹ́ tán. Ihò wẹ́wẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ hàn, lẹ́yìn náà imú gegele yóò máa pẹlẹbẹ. Ẹ́ńjìnnì kò ní pariwo púpọ̀. Á kàn di ọ̀lẹ ni, nítorí fáàfù kò ṣí tó bó ṣe yẹ mọ́. Nítorí pé gegele kan ló ń ti méjèèjì nínú CG125, ìwọlé àti ìjáde á jùmọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, àwọn kan á sì máa tú kábúrétọ̀ kiri nígbà tí ohun tí wọ́n ń wá wà nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń gun gegele gbọ́dọ̀ wà ní dídán, láìní kòtò. Kí wọ́n má ṣe gbé ẹsẹ̀ tuntun lé gegele tó ti jẹ, kí wọ́n má sì ṣe gbé ẹsẹ̀ àtijọ́ lé gegele tuntun: èyí tó ti bàjẹ́ yóò ba èkejì jẹ́.

Gbogbo èyí ni ọ̀rọ̀ jíjẹ. Ìbàjẹ́ òjijì yàtọ̀, ó sì rọrùn láti mọ̀: àpá òṣùpá àbọ̀ lórí pístìnì, fáàfù tó wọ́, rọ́kà tó ṣẹ́. Nínú alùpùpù, eré àsápajúdé ló sábà máa ń fà á; nínú mọ́tò tó ń lo bẹ́líìtì láti yí kámṣáàfù, bẹ́líìtì tó já ni. Fáàfù tó ti wọ́ kì í padà, àní bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó tọ́ lójú.

Ní ibi tí tọ́pù sílíńdà tuntun odindi ti wà lórí àtẹ, tó ti ní fáàfù àti sípíríńgì nínú, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí ìdí tó fi yẹ kí wọ́n máa wọn nǹkan kan. Wọn a jù ti àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn a de tuntun mọ́ ọn. Kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Nígbà mìíràn owó rẹ̀ kéré ju owó iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà: ẹ́yà fílítà tó ya ṣì wà níbẹ̀, ọ́ìlì oníyanrìn ṣì wà níbẹ̀, ohun tí ti àtijọ́ ìbá sì fi hàn wọ́n ti bá a lọ sórí àkìtàn. Ọ̀nà mìíràn tún wà: kí wọ́n gbé ti àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ irin. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní Kumasi ló dá ilé-iṣẹ́ ìkọ́ni-níṣẹ́-irin sílẹ̀ ní àdúgbò Suame ní ìlú náà ní 1980. Ní 1987 ìjọba dá àjọ tí wọ́n ń pè ní GRATIS sílẹ̀ láti mú irú rẹ̀ tàn ká àwọn agbègbè yòókù, Tamale sì wà lára àwọn ìlú tó ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀rọ léètì lè gbẹ́ gáìdì tuntun, ó lè ki í wọlé, ó sì lè gé ìjókòó sí igun rẹ̀. Fún ẹ́ńjìnnì tí tọ́pù sílíńdà rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́, ibẹ̀ nìkan ló kù.

Nígbà tí wọ́n bá ń tò ó padà, ọ́ìlì tuntun ni kí wọ́n fi pa gbogbo ojú tó ń fara kan ojú, pàápàá gegele kámṣáàfù, nítorí ọ́ìlì kì í tètè dé ibẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọn a tún àlàfo ṣe sí 0.08 nígbà tí ó tutù, wọn a sì fi nọ́ńbà náà sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí wọ́n kọ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn ọgọ́rùn-ún kìlómítà mélòó kan, wọn a tún wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀ kí wọ́n tó fún un níná. Àlàfo fáàfù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ lè dín kù díẹ̀ ní àkókò yìí bí ó ti ń jókòó dáadáa. Wọn a tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá tún ń dín kù lẹ́yìn èyí, ìjókòó ni wọn yóò padà lọ wò. Bí ó bá ń fẹ̀ sí i, kí wọ́n tú ẹ̀gbẹ́ kámṣáàfù, kí wọ́n sì wo gegele.